Ìbàdàn sí Àbújá: èwo ni kí á wọ̀ nínú bàálù, bọ́ọ̀sì àti rélùwéè?

Láàárín ọdún 2023 àti 2024, iṣẹ́ gbé mi láti Ìbàdàn lọ sí Àbújá nígbà mẹ́sàn-án. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, bàálù ni mo wọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan tó ṣẹ́ kù ni mo sì fi dán rélùwéè wò, ní ọ̀nà tí ó ya gbogbo ẹni tí mo sọ ọ́ fún lẹ́nu. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan ni mo ń kọ aago tí mo jáde nílé mi ní Bódìjà àti aago tí mo gbé àpò mi kalẹ̀ ní Wuse sínú ìwé pélébé kan, nítorí mo ti ṣàkíyèsí pé wákàtí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń kà kọ́ ni wákàtí tí èrò ń lò. Bí ẹnìkan bá bi mí pé wákàtí mélòó ni bàálù ń lò láti Èkó dé Àbújá, wákàtí kan lé díẹ̀ ni màá dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá bi mí pé mélòó ni ó gba èmi tí mo ti Ìbàdàn wá wọ̀ ọ́ ní Èkó, ìwé pélébé mi kò ní iye tí ó dín sí mẹ́jọ.

Bọ́ọ̀sì ni ó yẹ kí n fi ṣáájú, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ èrò ń wọ̀, òun sì ni èmi náà fẹ́ràn jù kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn awakọ̀ sábà máa ń gbà láti Ìbàdàn ni èyí tí ó gba Ìkirè, Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ kọjá, tí yóò wá wọ Ìpínlẹ̀ Kogí, tí yóò sì la Lọ́kọ́jà kí ó tó kan Àbájì àti Gwagwalada. Gbogbo rẹ̀ lé ní kìlómítà 600. Oríṣi ọkọ̀ méjì ni ó ń ná ọ̀nà náà. Èkíní ni ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ní ọ́fíìsì, tí wọ́n ń kọ orúkọ èrò àti nọ́ńbà fóònù ẹbí rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń dá aago tí ọkọ̀ yóò gbéra. Èkejì ni ọkọ̀ gáréèjì, pàápàá Sienna, tí kò ní aago mìíràn ju ìgbà tí èrò bá kún lọ. Sienna yára ju bọ́ọ̀sì lọ lójú títì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dé gáréèjì ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí ó sì jẹ́ èrò kejì, lè jókòó síbẹ̀ títí di aago mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ni kò sí agbèrò tí yóò ka wákàtí mẹ́ta yẹn mọ́ ìrìn-àjò. Nítorí èyí, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ni mo fara mọ́, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ fi díẹ̀ lé ti gáréèjì. Ìgbà tí mo wọ̀ ọ́ kẹ́yìn, ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ₦35,000 ni mo san.

Owó nìkan kọ́ ni bọ́ọ̀sì fi ju bàálù lọ. Ẹni tí ó ní ẹbí ní Kubwa mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òfìfo wọ ilé ẹni tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ Àbújá, àti pé èlùbọ́ àti gàrí ilé ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹgbẹ̀rún náírà díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń to ẹrù ti parí ọ̀rọ̀ náà. Bí awakọ̀ bá jẹ́ ẹni tí ó láàánú, yóò dúró díẹ̀ ní Ìkirè kí èrò lè ra dòdò dúdú mìnìjọ̀ tí ìlú náà fi gbajúmọ̀, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n kọjá ààlà àti ata ṣe. Lẹ́yìn Lọ́kọ́jà, àwọn obìnrin tí ń ta ẹja yíyan ní Koton Karfe yóò na igbá sí ojú fèrèsé. N kò tíì fi bọ́ọ̀sì dé Àbújá rí kí aṣọ mi má rùn ẹja, n kò sì ka èyí sí àléébù.

Àléébù rẹ̀ gan-an wà níbòmíràn. Wákàtí mẹ́wàá ni ó yá jù nínú mẹ́rin tí mo lọ, èyí tí ó pẹ́ jù sì jẹ́ wákàtí mẹ́rìndínlógún. Ní ọjọ́ yẹn, ní Oṣù Kẹta ọdún 2023, bẹ́líìtì ẹ̀rọ ọkọ̀ wa já ní ìgbà tí a fi Ọ̀wọ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni ọkọ̀ náà, tí n kò ní dárúkọ, kò ní ọkọ̀ mìíràn nítòsí tí wọ́n lè fi gbé wa; nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì dún títí, kò sí ẹni tí ó gbé e. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó gun ọ̀kadà lọ wá bẹ́líìtì, ó sì lo wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ kí ó tó dé. Oòrùn mú wa, ṣùgbọ́n oòrùn kọ́ ni ó dá ìjayà sílẹ̀ láàárín wa. Gbogbo wa ni a ń wo òjìji igi bí ó ṣe ń gùn sí i, nítorí a mọ̀ pé alẹ́ ni a ó fi wọ Kogí, ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà yẹn kì í sì í ṣe àlọ́. Mo ti ṣàkíyèsí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: láti Ìbàdàn dé Àkúrẹ́ ni èrò máa ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù àti òṣèlú, ṣùgbọ́n láti Ọ̀wọ̀ dé Lọ́kọ́jà, ọkọ̀ a pa lọ́lọ́.

Odò náà tún lè dí ọ̀nà. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2022, omi Ọya àti ti Bẹ́núé kún bo títì láàárín Lọ́kọ́jà sí Àbújá, èrò púpọ̀ sì sun ojú ọ̀nà nítorí kò sí bí ọkọ̀ ṣe lè kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì ní ìparí àkókò òjò, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn Lọ́kọ́jà kí ó tó sanwó.

Ní ti bàálù, ọ̀nà méjì ni ará Ìbàdàn lè gbà wọ̀ ọ́. Èkíní ni Alákìà, pápákọ̀ òfurufú tí a sọ ní orúkọ Olóògbé Samuel Ládòkè Akíntọ́lá. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí ìrìn-àjò tí ó kúrú jù nínú ìwé pélébé mi: wákàtí mẹ́rin láti Bódìjà dé Wuse, tí mo sì fi ààbọ̀ wákàtí mu ẹ̀kọ ní ilé kí n tó jáde. Pápákọ̀ kékeré ni, ìlà rẹ̀ kúrú, kò sì sí ẹni tí ń ti ni síwá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bàálù tí ń gbéra níbẹ̀ kò pọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro rẹ̀ wà, nítorí pé bí ọ̀kan ṣoṣo tí a ń retí kò bá wá, kò sí òmíràn tí a lè sá sí. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo lọ síbẹ̀, bàálù aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ di ti aago mẹ́fà, ti aago mẹ́fà sì di ti ọjọ́ kejì. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa sọ pé ìdí iṣẹ́ ni ó fà á, gbólóhùn kan tí mo rò pé wọ́n ṣe é kí ẹnikẹ́ni má baà lè bèèrè ìbéèrè kejì. Wọn kò fún wa ní omi, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ní ẹ̀tọ́ láti gba owó rẹ̀ padà. Ẹ̀tọ́ yẹn wà nínú òfin NCAA, àjọ tí ń mójú tó ìrìnnà òfurufú nílẹ̀ wa, gẹ́gẹ́ bí ibùsùn ṣe jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n bá dá dúró láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́rin òwúrọ̀. Mo gba owó mi, ṣùgbọ́n ó gba ìwé mẹ́ta àti ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ọ̀nà kejì ni Èkó, níbi tí bàálù Àbújá ti ń gbéra láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ẹni tí ti ilé-iṣẹ́ kan bá já kulẹ̀ fi lè ra ti òmíràn bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó sì wà púpọ̀, nítorí iye owó yìí kò dúró lójú kan. Tíkẹ́ẹ̀tì tí mo rà ní ₦95,000 ní Oṣù Kẹfà ọdún 2024 ti di ₦210,000 nígbà tí mo tún wò ó ní ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Kejìlá. Àkókò tí owó náà wọ́n jù yìí gan-an ni ọyẹ́ máa ń bo ojú ọ̀run, tí àwọn awakọ̀ òfurufú kì í fi í rí ilẹ̀ dáadáa, tí ìdádúró yóò sì máa fa ìdádúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹrù tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ni láìsanwó sì sábà máa ń jẹ́ kílò 20, tí ó túmọ̀ sí pé èlùbọ́ ìyá Kubwa yóò dúró sílé. Bí bàálù bá sì balẹ̀, a kò tíì dé: pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe jìnnà sí àárín ìlú Àbújá ní nǹkan bí kìlómítà 40, owó takisí ibẹ̀ kò sì dínwó fún ẹni tí ó rẹ̀. Ó tilẹ̀ tún lè jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ní ọdún 2017 tí wọ́n tì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti tún ojú ibi tí bàálù ń sá lé ṣe, Kàdúná ni gbogbo èrò Àbújá ń lọ balẹ̀ sí.

Mo wá kan rélùwéè. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn láti Èkó ní ọdún 1901, nítorí náà kò yẹ kí ó jẹ́ ohun àjèjì sí wa, àmọ́ èyí tí a ń wọ̀ nísinsìnyí ni ti ojú irin tuntun oní-kìlómítà 157 tí wọ́n ṣí ní Oṣù Kẹfà ọdún 2021. Bí mo bá ní kí n sọ òtítọ́ ọkàn mi, kò sí ọkọ̀ kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó rọ̀ mí lọ́rùn tó o. Ó ń gbéra ní aago tí wọ́n bá dá, ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ènìyàn lè dìde na ẹsẹ̀, ilé ìyàgbẹ́ sì wà nínú rẹ̀, ohun tí ẹni tí ó bá ti wọ bọ́ọ̀sì wákàtí mẹ́rìndínlógún kò ní fojú kéré. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tí mo ní sí i ni pé kò lọ sí Àbújá. Wọn kò tíì tẹ́ irin náà kọjá Ìbàdàn. Ní òdìkejì, irin wà láàárín Àbújá àti Kàdúná láti ọdún 2016, kìlómítà 186, ṣùgbọ́n òun náà ti rí ọjọ́ burúkú: àwọn agbébọn kọ lù ú ní ọjọ́ 28 Oṣù Kẹta ọdún 2022, tí iṣẹ́ fi dúró títí di Oṣù Kejìlá ọdún náà, ọkọ̀ rẹ̀ kan sì tún yẹ̀ kúrò lójú irin ní Asham ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2025. Láàárín tiwa àti tiwọn, igbó ni.

Irin kan wà tí ó sún mọ́ Àbújá díẹ̀, èyí tí ó ti Wàrí lọ sí Itakpe nítòsí Òkènè, kìlómítà 326, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1987 tí wọn kò sì ṣí i títí di ọdún 2020. Òun ni mo fi dán ọgbọ́n mi wò. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn gba Ọrẹ àti Bìní dé Wàrí, mo sùn síbẹ̀, mo wọ rélùwéè ní òwúrọ̀ kùtù, ó gbé wa gba inú igbó àti ẹ̀gbẹ́ Àgbọ̀ kọjá ní ìtura, mo sì tún wọ ọkọ̀ láti Itakpe gba Lọ́kọ́jà lọ sí Àbújá. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo lò, owó tí mo ná sì ju ti bọ́ọ̀sì tààrà lọ. Fún ará Wàrí tàbí Àgbọ̀, n ó ní kí ó máa wọ̀ ọ́ lọ láìwo ẹ̀yìn. Fún ará Ìbàdàn, ẹni tí ń lọ sí Ifẹ̀ kì í gba Ìjẹ̀bú lọ.

Ohun tí rélùwéè lè ṣe fún wa ni pé kí ó gbé wa dé ibi bàálù. Nínú ìrìn-àjò méjì tí mo gba Èkó wọ bàálù, mo gba títì lọ ní ìkan, gbogbo rẹ̀ sì di wákàtí mẹ́wàá nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ní èkejì mo wọ rélùwéè òwúrọ̀ láti Mọ́níyà ní ₦3,600, ó sì di wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀. Àṣírí rẹ̀ ni pé n kò bá a dé Alágoméjì ní Yábàá. Agége ni mo ti sọ̀kalẹ̀, nítorí pé láti ibẹ̀, pápákọ̀ Ìkẹjà kò jìnnà mọ́, nígbà tí ẹni tí ó bá sùn dé Yábàá yóò tún padà la gbogbo ìlú kọjá. Kí bàálù tí a bá rà má ṣe ṣáájú aago méjìlá ọ̀sán, kí a sì tètè kúrò nílé, nítorí Mọ́níyà náà kò sí nítòsí ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ará Mọ́níyà.

Bí iṣẹ́ bá ń sanwó fún mi, tí àpò mi kò sì ju ìkan lọ, Alákìà ni mo ń kọ́kọ́ béèrè, n kò sì jẹ́ fi ìpàdé tí ó ṣe pàtàkì sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Àmọ́ ti Oṣù Kejìlá yìí yàtọ̀, nítorí àwa mẹ́rin ni a ń lọ, iye tí wọ́n sì bi wá fún bàálù tó ra àlòkù mọ́tò níjelòó. Bọ́ọ̀sì aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni mo sanwó sí, pẹ̀lú àpò èlùbọ́ méjì, ìyàwó mi sì ti sọ ọ́ létí awakọ̀ àti létí mi pé bí aago kan ọ̀sán bá lù tí a kò tíì kúrò ní Ọ̀wọ̀, òun àti àwọn ọmọ yóò sọ̀kalẹ̀, Àkúrẹ́ ni wọn yóò sì padà lọ sùn.