Kíláàsì Bíbélì orí Zoom lórí àjíǹde

Owó mi ò wọgbó o! Tíṣà yìí ní àjíǹde kì í ṣe ọ̀rọ̀ sàréè nìkan, pé ọkàn tó ti sùn fọnfọn ló ń jí, ló bá ṣí Éfésù 5:14 níbi tí wọ́n ti ní kẹ́ni tó ń sùn jí, ó tún mú wa dé Ìhìn Rere Fílípì, ìwé àtijọ́ kan tí kò sí nínú Bíbélì, tí wọ́n hú jáde nítòsí Nag Hammadi ní Íjíbítì lọ́dún 1945, ìyẹn ní ká gba àjíǹde nígbà tá a ṣì wà láàyè. Àmọ́ 2 Tímótì 2:18, tí wọ́n ti bá Himeneu àti Filetu wí torí wọ́n ní àjíǹde ti kọjá, ṣe ló fò ó bí ẹni rí ejò, kí ló dé? Nóòtì ẹ̀ dáa ṣá. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, Filetu ló jẹ ìkan tó kù.