Àyẹ̀wò jíìnì lórí jẹjẹrẹ ilé ọmọ: bí mo ṣe bá a ní Lọ́ńdọ̀nù

Àyẹ̀wò yìí kì í wá jẹjẹrẹ nínú ara o. Jíìnì tó ń tún àṣìṣe inú sẹ́ẹ̀lì ṣe ló ń yẹ̀ wò, bóyá ọ̀kan ti bàjẹ́ látọ̀dọ̀ òbí: MLH1, MSH2, MSH6 tàbí PMS2. Ẹni tí ọ̀kan bá bàjẹ́ lára rẹ̀ ló ní Lynch syndrome. Jẹjẹrẹ ilé ọmọ àti ti ìfun ńlá sì máa ń wọ́pọ̀ lára irú wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ṣàárẹ̀. Láti ọdún 2020 ni NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ní kí wọ́n máa yẹ jẹjẹrẹ ilé ọmọ wò fún Lynch, bí wọ́n ṣe rí i pé MSH6 ti bàjẹ́ lára wọn nìyẹn, tí wọ́n fi pe àwa tó kù. NHS, ètò ìlera ìjọba, ló sanwó, kọ́bọ̀ ò jáde lápò mi.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ò tó nǹkan. Ìbéèrè tó ṣáájú rẹ̀ ló gba agbára. Obìnrin tó gbà mí nímọ̀ràn ya ìlà ìdílé sórí bébà, ó ní kí ló pa ìyá bàbá mi. Inú rírun ni wọ́n sọ fún wa nílé! Ó tún ní ọmọ mélòó ni bàbá mi bí. Mo ní mọ́kànlá. Ìyá kan náà ni? Rárá o, ìyá mẹ́ta. Bébà ò gbà á mọ́, ó lọ mú òmíràn. Bó bá ṣe ọ̀dọ̀ bàbá ló ti wá, ó kan àwọn ọbàkan wa náà, ni mo bá pe àǹtí wa ní Ìjẹ̀bú-Òde lórí WhatsApp. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ máa ń dà lára màmá àwọn, ìyá bàbá mi yẹn, lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró tipẹ́. Ogójì ọdún ó lé, ẹnì kankan ò sọ ọ́ rí.

Èsì ni wọn ò ṣe dáadáa. Mo pe fóònù títí, orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí. Àṣé àdírẹ́sì tí mo ti kó kúrò ni wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí.

Mo ní in. Wọn yóò máa yẹ ìfun mi wò lọ́dún méjì-méjì, dókítà sì ti fi mí sórí aspirin. Ilé ọmọ ò ní àyẹ̀wò ọdọọdún tó dájú, nítorí náà wọ́n ní mo lè yọ ọ́ bí mo bá ti bímọ tán. Mo ti bí mẹ́ta. Mo ti gba ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà yín ránṣẹ́ sílé. Ibi tí jíìnì ti bàjẹ́ gan-an wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n máa yẹ̀ wò fún àwọn ẹbí.