Ẹ̀yin tó fẹ́ ra Nissan Leaf tòkunbọ̀, ọkọ̀ tó ń fi iná mànàmáná rìn, ẹ má gba ilà 12 gbọ́ o!

Ẹ má tìtorí pé ilà 12 pé lójú dáṣíbọ̀ọ̀dù kí ẹ sanwó. Mo tún un sọ, ẹ má gbà á gbọ́! Ohun tí wọ́n fi lù mí ní jìbìtì nìyẹn.

Leaf 2013 ni, bátìrì 24 kWh (yúníìtì iná 24), láti Amẹ́ríkà. Ilà kéékèèké tó ń sọ bí ara bátìrì ṣe le tó, kì í ṣe iye iná tó wà nínú rẹ̀, méjèèjìlá pé pérépéré. Ọkọ̀ tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá! Leaf kò ní omi tó ń tu bátìrì lára, ooru ló sì ń pa á. Àwọn tó ń gùn ún ní Arizona, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó gbóná janjan, ti ké gbàjarè láti 2012. Mo mọ gbogbo èyí kí n tó rà á o, ẹ má pè mí ní òpè. Ojúkòkòrò ni.

Ọ̀daràn tó tà á fún mi tún kọ̀ǹpútà bátìrì sẹ́tì ni. Ó pa àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ rẹ́, bátìrì gbígbó wá ń pe ara rẹ̀ ní tuntun. Bí ọkọ̀ bá ti ń rìn, kọ̀ǹpútà á máa rí òótọ́, ilà á máa já. Lọ́sẹ̀ kẹta ó ku 9. Ní báyìí ó ti di 7, kò tíì dúró.

Lórí Third Mainland, dáṣíbọ̀ọ̀dù ní iná ṣì ku ìdá 30 nínú 100. Kí n tó ṣẹ́jú, ó já sí 9, àwòrán ìjàpá bá tàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ìjàpá! Bí bátìrì Leaf bá fẹ́ kú, ìjàpá ló ń gbé jáde, ọkọ̀ á sì máa wọ́. Dánfó ń tẹ hóònù lẹ́yìn mi, kọ̀ǹdọ́ ní kí n sọ̀ kalẹ̀ wá tì í. Mílíọ̀nù 6 náírà, láti máa gun ìjàpá!

Nígbà tí mo délé, mo ka mítà kí n tó ki wáyà bọ̀ ọ́. Láti orí ìjàpá títí tó fi kún, yúníìtì 13 ló jẹ. Èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá á jẹ tó 24. Ìdajì bátìrì ló tà fún mi. Ìdajì!

Mo pè é, ó ní iná NEPA ló bà á jẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Mo tún pè, kò gbé e mọ́.

Ẹ̀yin tó fẹ́ bi mí pé mekáníìkì ńkọ́, mo mú un dání. Ó yọjú wo abẹ́ ọkọ̀, ó ní kò jo ọ́ìlì. Ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì!

Ẹ yáa ra ẹ̀rọ OBD oní-Bluetooth, èyí tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sórí fóònù, ẹ fi sínú ihò abẹ́ sítíárì, ẹ fi áàpù LeafSpy wò ó. Tí SOH (bí ara bátìrì ṣe le tó nínú 100) bá ka 100 fún ọkọ̀ ọdún yẹn, ẹ sá. Wọ́n ń tún ìyẹn náà sẹ́tì. Ẹ jẹ́ kí iná lọ sílẹ̀ dé bíi 20, ẹ tẹná dáadáa, kí ẹ wo fólíìtì àwọn sẹ́ẹ̀lì, bátìrì kéékèèké inú rẹ̀, tí wọ́n so ní méjì-méjì sí ọ̀nà 96. Bí ọ̀kan tàbí méjì bá rì ju ìyókù lọ, ó ti bàjẹ́. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ wà á láti kíkún dé ìsàlẹ̀, ẹ bá tiyín lọ. Wáyà ṣájà Amẹ́ríkà, fólíìtì 120 ni. Ẹ má kì í bọ iná ilé wa.

Gbogbo wọn ni mi ò gbà gbọ́ mọ́, títí kan àwọn tó ń ta tuntun. Ẹni tó tà á fún mi tún ti gbé Leaf míì síta lánàá, aláwọ̀ búlúù. Ilà 12 pé.