Mo lọ Holašovice: abúlé dùn ún wò, àmọ́ afinimọ̀nà wa jẹ ìtàn mọ́nú

Ọkọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ ni mo bá lọ láti České Budějovice, ìlú bíà Budvar, níhà gúúsù ilẹ̀ Czech. Kò jù bíi kìlómítà 15 lọ. Odindi ọjọ́ ni wọ́n gba owó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdajì ọjọ́ tó.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wù mí. Oko ló yí abúlé náà ká. Pápá gbọọrọ kan wà láàárín rẹ̀, ó gùn tó mítà 210, ó sì fẹ̀ tó 70. Adágún omi kékeré wà nínú rẹ̀, àti ilé ìjọsìn kóńkóló tí wọ́n kọ́ fún Jòhánù ti Nepomuk, ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì, ní 1755. Ilé àgbẹ̀ 23 ló kọjú sí pápá yìí. Ẹni tó bá dàgbà nínú agboolé á tètè lóye ètò wọn: ẹ kò ní rí àgbàlá láti ìta. Ẹnubodè kan ló so apá ilé méjì pọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ibùjẹ ẹran àti àká wà. Gbogbo fáàrí wà lójú ògiri iwájú, pẹ̀lú ọ̀dà aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ọnà lóríṣiríṣi, àti ọdún tí wọ́n kọ́ ọ. Selské baroko, ìyẹn ọnà baroque ti àwọn àgbẹ̀, ni wọ́n ń pè é. Ọnà tí àwọn ọlọ́lá fi ń kọ́ ààfin ni àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí gbé wá sára ilé tiwọn.

Afinimọ̀nà wa sọ̀rọ̀ ọ̀dà títí. Ìgbà tí mo bi í pé ta ló ń gbé níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ní, "Ogun ni," ó sì ní ká máa lọ síbi ọkọ̀. Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà! Orúkọ abúlé náà ti wà nínú ìwé láti 1263. Ní 1292, ọba Václav Kejì fi í ta àwọn mọ́ńkì ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́-ẹ̀sìn Vyšší Brod lọ́rẹ, abẹ́ wọn ló sì wà di 1848. Láàárín 1520 sí 1525, àjàkálẹ̀ àrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ará abúlé tán, ó ku ẹni méjì péré. Àwọn mọ́ńkì bá kó àgbẹ̀ wá láti Bavaria àti Austria, bí èdè Jámánì ṣe gba abúlé náà nìyẹn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n lé àwọn ọmọ Jámánì jáde nílùú, ilé sì di ahoro. Torí pé kò sẹ́ni tó gbé inú wọn ni kò fi sẹ́ni tó wó wọn láti kọ́ tuntun. Láti 1990 làwọn èèyàn ti padà síbẹ̀, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 1998. Fọ́tò tí gbogbo wa ń yà nìyẹn o.

Wọ́n tún fi àkókò ṣòfò nídìí òkúta tí wọ́n tò róbótó lẹ́bàá abúlé. Ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín, kì í ṣe ohun àtijọ́, 2008 ni wọ́n tò ó.

Ẹ wọ bọ́ọ̀sì lásán lọ, kì í ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀, nítorí bọ́ọ̀sì kì í pọ̀ nígbà náà. Ẹ má sì yọjú wo fèrèsé wọn, èèyàn ń gbé inú ilé wọ̀nyẹn.

Abúlé, ìràwọ̀ 5. Ìrìn-àjò tí mo sanwó fún, 2.