Mo fi oṣù márùn-ún kọ́ LSAT lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ojú tí ò ríran dáadáa, ẹ gbọ́ tẹnu mi kẹ́ ẹ tó sanwó

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé kó má dà bíi pé inú kàn ń bí mi. Láti kékeré lojú mi ò ti ríran dáadáa, tọ̀tún ò tiẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, tòsì ló ń gbé mi rìn, tí ìwé bá ti pọ̀ JAWS, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kàwé sókè, ni mo máa ń jẹ́ kó kà á sí mi létí. Mo fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin l'Amẹ́ríkà níbí, wọ́n ní kí n lọ ṣe LSAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń gbani wọlé síbẹ̀, ni mo bá sanwó kọ́ọ̀sì oṣù márùn-ún lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní dárúkọ wọn torí ọ̀rọ̀ owó ṣì wà láàárín wa.

Èyí tó dùn mí jù ni màá kọ́kọ́ sọ. September 2024 ni mo bẹ̀rẹ̀. Nínú ètò tí wọ́n tò sílẹ̀ fún mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ "logic games" látòkè délẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, àwọn ìbéèrè bíi pé èèyàn méje fẹ́ jókòó sórí àga méje, ẹni báyìí ò gbọdọ̀ jókòó ti ẹni báyìí, o máa ya àpótí o máa ya ọfà kó tó yé ẹ. Mo ń gbọ́ olùkọ́ nínú fídíò, "ẹ wò ó, èyí á wá síbí, ìyẹn á lọ sọ́hùn-ún," lẹ́yìn náà ìró bírò, kọ́-kọ́-kọ́. Ibí wo? Ọ̀hún wo? Mo sún mọ́ kọ̀ǹpútà débi pé imú mi ń kan ojú ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo tó lọ ka ohun tí LSAC, àwọn tó ń ṣe LSAT, fúnra wọn kọ sílẹ̀, àṣé wọ́n ti yọ apá yẹn kúrò nínú ìdánwò láti August 2024! Kò sí níbẹ̀ mọ́ rárá. Ìdí tó fi kúrò ló tún wá pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìbínú ni o. Ọkùnrin afọ́jú kan ní Michigan, Angelo Binno, ló gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ pé ẹni tí ò ríran ò lè ya àwòrán yẹn, wọ́n yanjú ẹ̀ ní 2019, LSAC sì gbà láti wá ọ̀nà mìíràn láàárín ọdún mẹ́rin. Afọ́jú jà títí wọ́n fi gbé e kúrò nílẹ̀, èmi tójú mi ò pé wá fowó ara mi rà á padà.

Ó tún ku ti tímà. Abala mẹ́rin ni ìdánwò náà báyìí, Logical Reasoning (wíwò bóyá àlàyé mọ́gbọ́n dání) méjì, Reading Comprehension (kíka àyọkà kó o sì dáhùn ìbéèrè) kan, àti ọ̀kan tí wọn ò ní kà mọ́ máàkì ẹ, àmọ́ o ò ní mọ èwo ni. Ìṣẹ́jú 35 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ìdajì lé tèmi torí ojú mi, ó di 53. Tímà kọ́ọ̀sì yìí ò kúrò lórí 35, tó bá ti pé pẹ́nrẹ́n á pa ojú ewé dé mọ́ mi lórí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ̀wé sí wọn, èsì kan náà ni, "a ti fi ọ̀rọ̀ yín ṣọwọ́ sáwọn tó ń bójú tó o." Bẹ́ẹ̀, LawHub, ìkànnì tó jẹ́ ti LSAC gangan, tó ní ìdánwò ọ̀fẹ́ mélòó kan, wàá yan 53 wàá yan 70, kò sí wàhálà. Ibẹ̀ ni mo lọ ń ṣe ìdánwò mi, kọ́ọ̀sì di ti fídíò nìkan. Ẹ ṣírò ẹ̀ ná, 53 lọ́nà mẹ́rin ti ju wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ lọ, ìsinmi ò sí nínú ẹ̀ o. Mi ò mọ̀ pé ó máa ń rẹ etí, àfìgbà tí mo ṣe odindi ìdánwò lẹ́ẹ̀kan tí mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn PDF kọ́ọ̀sì náà, "ẹ wo ìlà 23," JAWS ò mọ ìlà 23!

Ṣùgbọ́n tútọ̀ tí wọ́n fún mi, olùkọ́ tó ń kọ́ èmi nìkan, háà. Wákàtí mẹ́wàá ló wà nínú owó tí mo san, mo sì tún fowó kún un. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti ní òun ò ní ya nǹkan kan fún mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ ìbéèrè kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà lókè ẹ̀, kí n dá JAWS dúró lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí n tún un sọ ní ọ̀rọ̀ márùn-ún péré. Ó fún mi lápẹẹrẹ: ilé ìkàwé kan ra àga tuntun, èrò wá ń pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà àga ló fà á. Mo ní ó dára. Ó ní, "Ó dára kẹ̀? Sọ 'bóyá' kó o parí ẹ̀." Bóyá àsìkò ìdánwò ló dé. Bóyá ilé ìkàwé kejì ti kógbá wọlé. Látọjọ́ yẹn tí mo bá ti gbọ́ "nítorí náà" ọkàn mi á ti máa sọ bóyá, bóyá. Òun náà ló ní kí n dín eré JAWS kù, torí ó gbọ́ mi tí mo mú ìdáhùn tó lòdì lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, àṣé "can" àti "can't" ti ń jọra létí mi. Nǹkan kékeré báyẹn ti ń jẹ mí ní máàkì látọjọ́ pípẹ́!

Òun náà ló gbà mí lọ́wọ́ ìmọ̀ràn tí kọ́ọ̀sì kọ sílẹ̀ lórí gbígba àfikún àkókò. Wọ́n ní tó o bá gbà á, wọ́n á fi àmì sí máàkì ẹ káwọn ilé-ẹ̀kọ́ lè mọ̀. Mo ti fẹ́ máa dọ́gbọ́n ṣe é láìgbà á o. Tútọ̀ ní irọ́ ni, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, California ló mú LSAC dé ilé ẹjọ́, ìjọba àpapọ̀ dá sí i, ní 2014 LSAC gbà láti san mílíọ̀nù 7.73 dọ́là, àmì yẹn sì parí síbẹ̀. Lẹ́tà tí mo fi gba àfikún nígbà SAT, ìdánwò ìwọlé yunifásítì, ni mo fi ránṣẹ́, LSAC fọwọ́ sí i. Ẹ ṣáà má fi falẹ̀, ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ bá ti parí lọ̀rọ̀ àfikún náà parí.

Ẹni tó ń bá kọ́ọ̀sì náà yẹ àròkọ téèyàn fi ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin wò ní kí n fi ojú mi bẹ̀rẹ̀, kí n kọ ọ́ kó ṣe èèyàn láàánú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo kọ nípa nǹkan mìíràn.

147 ni mo gbà nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, 158 ni LSAT tí mo ṣe. Mo ní kí wọ́n dá owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń ya àpótí padà, wọ́n ní àwọn á fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, mo ní kí wọ́n fi ṣe wákàtí tútọ̀. Wọ́n ti fi ìyẹn náà ṣọwọ́ sáwọn tó ń bójú tó o. Nínú ìràwọ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ rí lókè yẹn, tútọ̀ ló ni méjì àtààbọ̀.