Ìkìlọ̀: Iṣu ọjà ni wọ́n ń tà fún yín lórúkọ ẹ̀bù oníwèé-ẹ̀rí

Ẹ̀yin àgbẹ̀ oníṣu, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ̀bù lórí WhatsApp àti Facebook, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó. Àwọn kan ń ṣa iṣu wẹ́wẹ́ tó kù lọ́jà, wọ́n ń dì í sápò, wọ́n ní ẹ̀bù tí ìjọba fọwọ́ sí ni. Ọ̀pọ̀ irú iṣu bẹ́ẹ̀, àìsàn ni kò jẹ́ kó tóbi. Fáírọ́ọ̀sì tó mú ìyá rẹ̀ lóko ti wà nínú rẹ̀, kò sì sí oògùn tí ẹ lè fín tó máa yọ ọ́. Bó bá hù, ewé rẹ̀ á ní àbàwọ́n ìyeyè, iṣu ìdí rẹ̀ á sì kéré.

Ẹni tó bá ní "Ẹ sanwó ná, a ó bá yín gba ìwé-ẹ̀rí NASC", irọ́ ló ń pa. (NASC ni àjọ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tó ń mójú tó irúgbìn.) Inú oko ni ìwé-ẹ̀rí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ara ewé tútù ni olùbẹ̀wò ti ń rí fáírọ́ọ̀sì; ojú lásán kò lè rí i lára iṣu tí wọ́n ti wà jọ. Ẹ bi í léèrè: oko wo ni? Kí ni wọ́n gbìn síbẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú? Ìgbà wo ni wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò? Táàgì, ìyẹn àmì-ẹ̀rí tí wọ́n ń so mọ́ àpò, gbọ́dọ̀ wà lára àpò kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe fọ́tò ìwé kan ṣoṣo lórí fóònù.

Bí ẹ bá dé ìdí ọjà, ìsàlẹ̀ àpò ni kí ẹ ti mú mẹ́wàá. Ẹ fọ eérú tàbí ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, torí abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fi ibi tó ti sán pamọ́ sí. Ẹ wá fi ọ̀bẹ bó èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí abẹ́ èèpo bá ní àwọ̀ ìyeyè, tàbí pupa rúsúrúsú tó ń dúdú lọ, aràn inú ilẹ̀ tí ojú kì í rí ló ń jẹ ẹ́. Aràn yìí ṣì ń bí sí i nínú abà, eérú kò ràn án, ilẹ̀ yín ló sì máa kó wọ̀. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun lára iṣu, kòkòrò ni. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti gé. Ojú ọgbẹ́ á jẹrà nínú àpò lójú ọ̀nà, ẹ ò sì ní mọ bí odidi rẹ̀ ṣe rí. Odidi ni kí ẹ rà, kí ẹ gé e nílé. Iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní Oṣù Kejìlá kò ní hù fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta, ohun yòówù kí olùtajà sọ. Ẹ tún wo ibi tó kó o sí: abẹ́ ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ló dáa, kì í ṣe abẹ́ tapólì nínú oòrùn.

Wọ́n tún ń sọ pé àpò márùn-ún tó éékà kan. Ẹ ṣírò ó: bí ebè kan bá fi mítà kan jìnnà sí èkejì, éékà kan á gba nǹkan bí 4,000 ebè. Ẹ̀bù oní-250 gíráàmù fún ebè kọ̀ọ̀kan, tọ́ọ̀nù kan nìyẹn, ogún àpò oní-50 kílò.

Ẹ má san gbogbo owó kí ẹ tó bó iṣu wò. Ẹ tọ́jú táàgì àti rìsíìtì títí iṣu á fi yọ ewé dáadáa, torí òun lẹ máa fi han NASC bí ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sùn.