Òru mẹ́rin ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní Iléṣà, èmi àti ọmọ mi tó ní ọ́tísíìmù

Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́jọ. Ó ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ni pé láti kékeré ni ọpọlọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Kì í sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ń gbọ́ ohun tí a bá sọ. Oríkì rẹ̀, Àkànní, ni mo máa ń pè é. Lóṣù tó kọjá, ibà gbé e dè. Ó ń bì láti òwúrọ̀ dalẹ́, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, la bá fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e láti ẹ̀yìn ọjà Àtàkúnmọ́sà lọ sí ilé ìwòsàn kan nínú ìlú. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ìyá tó bá ní irú ọmọ mi ni mò ń kọ èyí fún, kó lè mọ ohun tó máa bá pàdé.

Ibi káàdì ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Èrò kún fọ́fọ́, iná gílóòbù gígùn tó wà lókè ń ṣẹ́jú, jẹnẹrétọ̀ ń dún lábẹ́ fèrèsé. Ẹlòmíì lè má ka ìyẹn sí. Ní ti Àkànní, àfi bí ẹni pé wọ́n ń lu agolo nínú orí rẹ̀. Ó di etí méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá ògiri. Ìyá kan ní kí n nà án dáadáa, ọkùnrin kan ní ilé àdúrà ló yẹ kí n gbé e lọ. Wákàtí méjì ààbọ̀ la fi wà níbẹ̀. Òfin àwọn àkàndá tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 sọ pé níbi tí èèyàn bá ti tò, àwọn àkàndá ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Mo sọ ọ́ fún ẹni tó ń kọ káàdì, ó ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Fọ́tò ojú ìwé òfin náà ti wà nínú fóònù mi báyìí, ẹ̀yin náà ẹ fi sí tiyín.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ wá iṣan tí wọ́n máa gba ibẹ̀ fa omi sí i lára, èèyàn márùn-ún ló rọ́ bo ọmọ kan ṣoṣo. Ó bu nọ́ọ̀sì kan jẹ lápá. Mo kúnlẹ̀ bẹ nọ́ọ̀sì náà, ó sì dùn mí gan-an. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan kí wọ́n tó dì í mú. Kò mọ yàrá yẹn rí, kò mọ ojú ẹnì kankan níbẹ̀, kò sì lẹ́nu tó lè fi béèrè pé kí ni ẹ fẹ́ fi mí ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo bi dókítà nípa ìpara tí wọ́n máa ń fi pa awọ ara kú kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Ó ní ó wà lóòótọ́, pé ó gbọ́dọ̀ wà lára tó wákàtí kan kó tó ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn ò ní in. Wákàtí méjì ààbọ̀ tí a fi jókòó lásán yẹn ì bá tó o lọ́nà méjì.

Òru kejì ni mi ò lè gbàgbé. Ní nǹkan bí aago kan, Àkànní figbe ta. Ó ń bu ọwọ́ òsì rẹ̀ jẹ, ó ń fẹsẹ̀ ta irin bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní, "Mọ́mì, ṣebí ẹ ti sọ fún wa pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Mo ní rárá o. Tí ariwo bá dà á láàmú, etí ló máa ń dì. Tí ebi bá ń pa á, aṣọ mi ló máa ń fà. Tí inú bá sì bí i, ọwọ́ ọ̀tún ló ń bù jẹ, kì í ṣe òsì. Wọ́n ní àwọn á pe dókítà kó wá gún un lábẹ́rẹ́ oorun. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò.

Màmá nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ń bọ̀ láti wọ́ọ̀dù kejì ló gbọ́ ohùn mi. Ó pa iná tó wà lórí wa, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ sísàlẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò fọwọ́ kan ọmọ. Ó rọra ní, "Ìyá ọmọ, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tú báńdéèjì yẹn, ọwọ́ yín ló mọ̀." Mo tú u. Ọwọ́ ọmọ mi ti wú, ó le, ó sì ń dán. Omi tí wọ́n ń fà sí i ti yà kúrò nínú iṣan, abẹ́ awọ ló ń dà sí. Eyín tó fi ń bu ọwọ́ òsì yẹn jẹ, ohun tó ń sọ fún wa nìyẹn. Wọ́n yọ abẹ́rẹ́ náà, wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ìrọ̀rí. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, ó ti sùn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá yìí mú ìwé, ó bi mí léèrè ohun tí Àkànní fẹ́ àti ohun tí kò fẹ́, ó kọ gbogbo rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè bẹ́ẹ̀dì: ó ń jẹ iyán, kí ọbẹ̀ má kàn án, ẹ má fọwọ́ kan orí rẹ̀, ọmọrí agolo mílíìkì rẹ̀, ẹ má gbà á. (Ẹni tó ń gbálẹ̀ ti kó ọmọrí kan dànù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò mọ̀, mo mọ̀ pé kò mọ̀, àmọ́ wákàtí méjì la fi sunkún.) Wọ́n sún wa lọ sí kọ̀rọ̀ tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì bá mi ya àwòrán méjì sára páálí: abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ọmọrí agolo. Abẹ́rẹ́ artesunate, ìyẹn oògùn ibà, mẹ́ta àkọ́kọ́, ti ìgbà tí a dé, ti wákàtí 12 àti ti wákàtí 24, ìjà ni gbogbo wọn. Ti ọjọ́ kejì rẹ̀, a fi àwòrán hàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì gún un nítan. Ó sunkún, ṣùgbọ́n èmi àti nọ́ọ̀sì kan la tó o.

Nǹkan kan ṣì kù. Àkànní ń lo risperidone, oògùn tí àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2006 fún ìbínú líle àwọn ọmọ ọ́tísíìmù láti ọdún 5 sí 16. Kò sẹ́ni tó béèrè oògùn ilé lọ́wọ́ wa, èmi náà gbàgbé nínú ìpayà, ó sì fo ti òru àkọ́kọ́. Ẹ mú u dání, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà kó tó kọ nǹkan kan.

Ìtọ́jú ibà, mo fún wọn ní 8 nínú 10. Ibi káàdì, 2. Màmá nọ́ọ̀sì yẹn, ẹnu mi ò gbà á.

Aránṣọ ni mí. Mo fi fóòmù àti ègé àǹkárá rán ohun ìbòtí mẹ́ta, mo gbé wọn lọ sí wọ́ọ̀dù náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo bẹ ọ̀gá wọn pé kí wọ́n sọ ìwé orí bẹ́ẹ̀dì yẹn di fọ́ọ̀mù, kí wọ́n máa fún ìyá kọ̀ọ̀kan níbi káàdì. Ó ní òun á bá àwọn ọ̀gá òun sọ ọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, màá padà lọ béèrè.